Joyce Chen

Joyce Chen (orúkọ àbísọ: Liao Jia-ai, 廖家艾, 14 Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1917 – 23 Oṣù Kẹjọ, ọdún 1994) jẹ́ alásè, olùkọ́ oúnjẹ sísè, òǹkọ̀wé, oníṣòwò àti atọ́kùn ètò orí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà ni, ó sì fi orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣe ilé láti ọdún 1949 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ọdún 1958, ó ṣí ilé oúnjẹ kan sí ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ilé oúnjẹ yìí di òwò ìdílé tí ó gbé orúkọ rẹ̀ fún ogójì ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Boston ti kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ Beijing àti ti Shanghai wò. Wọ́n tún mọ̀ ọ́n fún ìwé oúnjẹ sísè tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1962, fún ètò tẹlifíṣọ̀n Joyce Chen Cooks, àti fún agbada ìdín onídìí pẹlẹbẹ tí ó jẹ́ kí ó rọrùn láti se oúnjẹ Ṣáínà lórí sítóòfù.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé

Ìlú Beijing ni wọ́n bí Joyce Chen sí, ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ọba ìkẹyìn ní Ṣáínà fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ tí ilẹ̀ náà sì di orílẹ̀-èdè olómìnira. Bàbá rẹ̀ jẹ́ alákòóso ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú-irin, ó sì tún di ipò mú nínú ìṣàkóso ìlú. Ìdílé náà rí jájẹ, agbára wọn sì ká a láti gba alásè sínú ilé. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan kí ọmọbìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìkòkò kaná. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé bí ọjọ́ kan bá dé tí ọmọ náà kò ní owó alásè lọ́wọ́, kò yẹ kí ó di ẹni tí yóò máa jẹ ìrẹsì láìsè. Nítorí náà, ọmọ náà dúró ti ìyá rẹ̀ àti alásè wọn, ó sì ń wo ọwọ́ wọn. Báyìí ni ó ṣe kọ́ iṣẹ́ tí yóò padà fi bọ́ ìdílé rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, nígbà tí kò sí ẹni tí ó lérò pé yóò nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà èwe rẹ̀, ó gbé ní ìlú Shanghai, ó sì fẹ́ Thomas Chen. Ìlú méjèèjì yìí hàn nínú oúnjẹ tí ó ń sè. Ìhà àríwá ni Beijing wà, níbi tí àlìkámà ti gbilẹ̀ ju ìrẹsì lọ. Oúnjẹ oníyẹ̀fun bí búrẹ́dì tí a fi ooru omi sè, àkàrà pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ìyẹ̀fun pípò tí a fi di ẹran ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Etí òkun ni Shanghai wà ní tirẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn ẹja, wọ́n sì máa ń fi omi sóyà àti ṣúgà se ẹran títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì pupa. Oúnjẹ ìhà méjèèjì ni Joyce Chen mọ̀ kí ó tó kúrò ní ilé.

Ìṣílọ sí Amẹ́ríkà

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ogun abẹ́lé tún gbóná ní Ṣáínà láàárín ìjọba Chiang Kai-shek àti àwọn Kọ́múnísìtì tí Mao Zedong ń darí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1949, Shanghai bọ́ sí ọwọ́ àwọn Kọ́múnísìtì. Kí ọjọ́ náà tó dé, Joyce Chen, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjì, Henry àti Helen, ti wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní ìlú náà. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀dó sí Cambridge. Cambridge yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbẹ́ Boston ni ó wà, níbi tí Yunifásítì Harvard àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ MIT fìdí kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ọmọ wọn kẹta, Stephen, ní ọdún 1952.

Ilẹ̀ tí wọ́n dé yìí kò fi ìgbà gbogbo fi ọ̀yàyà gba àwọn ọmọ Ṣáínà. Láti ọdún 1882 ni òfin ti dènà àwọn òṣìṣẹ́ Ṣáínà láti wọ Amẹ́ríkà. Ọdún 1943 ni wọ́n tó fa òfin náà ya, síbẹ̀ ènìyàn 105 péré ni àyè gbà nínú ọdún kan lẹ́yìn náà. Òfin tuntun ti ọdún 1965 ni ó tó pa ìwọ̀n yìí rẹ́. Nítorí náà, àwọn ọmọ Ṣáínà tí ó wà ní Cambridge nígbà náà kò pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ogun ti sé mọ́ òkèèrè, tí wọn kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò tún fojú kan ilé. Ilé ìdílé Chen di ibi tí irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń rí oúnjẹ ìlú wọn jẹ.

Oúnjẹ Ṣáínà ní Amẹ́ríkà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Ilé oúnjẹ Ṣáínà ti wà ní Amẹ́ríkà láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìpínlẹ̀ Guangdong ní gúúsù Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀ ti wá. Kí wọ́n lè rí oníbàárà, wọ́n ṣe oúnjẹ wọn bá ẹnu àwọn ará Amẹ́ríkà mu. Èyí tí ó lókìkí jù lọ ni chop suey, ìyẹn ẹran tí a gé wẹ́wẹ́, tí a dà pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ nínú ọbẹ̀ tí ó ki. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1950, chop suey ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó jẹ́ oúnjẹ Ṣáínà látòkè délẹ̀. Ohun tí àwọn ará Beijing tàbí Shanghai ń jẹ nínú ilé wọn ṣàjèjì sí wọn pátápátá. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń jẹ ẹ́.

Ọjà ilé-ìwé ọdún 1957

Ní ọdún 1957, ilé-ìwé Buckingham ní Cambridge ṣe ọjà ìkówójọ, wọ́n sì ní kí àwọn òbí gbé oúnjẹ wá. Joyce Chen gbé bisikíìtì elégédé, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀, ó sì tún gbé egg roll ti ilẹ̀ Ṣáínà. Egg roll yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun bo ẹyin sísè ní Nàìjíríà. Ó jọ spring roll, ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wé ẹran àti ẹ̀fọ́, tí wọ́n sì dín. Nígbà tí ó padà dé ibi ìtajà náà, kò rí egg roll rẹ̀ lórí tábìlì mọ́. Ó rò pé ojú ni ó ti àwọn olùṣètò tí wọ́n fi gbé e pamọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti rà á tán, wọ́n sì fẹ́ kí ó ṣe sí i. Ọjà yìí fi hàn án pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe tán láti jẹ ohun tí wọn kò mọ̀ rí.

Ilé oúnjẹ Joyce Chen

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó ṣí ilé oúnjẹ tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè sí ojúlé 617, òpópónà Concord Avenue, ní Cambridge. Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ó bá pàdé jẹ mọ́ èdè. Àwọn oníbàárà kò lè pe orúkọ oúnjẹ lédè Ṣáínà. Àwọn òṣìṣẹ́ kan kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó fi nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé oúnjẹ, oníbàárà a sì dá nọ́ńbà tí ó fẹ́. Ọ̀nà yìí wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ Ṣáínà ní Amẹ́ríkà lónìí.

Ìṣòro kejì ni ìbẹ̀rù ohun tuntun. Ènìyàn kì í fẹ́ ná owó rẹ̀ lórí àwo oúnjẹ kan tí kò mọ bí yóò ti rí lẹ́nu. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, nígbà tí oníbàárà kì í pọ̀, Joyce Chen bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ oríṣìíríṣìí oúnjẹ sórí tábìlì gígùn. Oníbàárà yóò san iye kan ṣoṣo, yóò fúnra rẹ̀ bu díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tí ó bá wù ú, yóò sì tún padà lọ bu sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn èyí yóò mú òmíràn láìpàdánù owó. Àwọn ọjọ́ tí ọjà kì í yá wá di ọjọ́ tí oníbàárà ń kọ́ ìtọ́wò.

Àwọn oúnjẹ tí ó sọ di mímọ̀ ní agbègbè Boston ni pẹ́pẹ́yẹ ti Beijing, tí wọ́n ń sun títí awọ rẹ̀ yóò fi le kánkán. Ọbẹ̀ olómi tí ọtí kíkan àti ata jọ wà nínú rẹ̀. Àti moo shu, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dín pọ̀ mọ́ ẹyin àti olú, tí wọ́n sì fi àkàrà pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé.

Orúkọ tí ó fún ọ̀kan nínú oúnjẹ rẹ̀ ni ó pẹ́ jù lórí ahọ́n. Ìyẹ̀fun pípò tí a fi di ẹran, tí a dín ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí a sì fi ooru omi sè jinná, ni àwọn ará Ṣáínà ń pè ní guotie. Joyce Chen ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ Ítálì pọ̀ ní Boston, àti pé wọ́n ní oúnjẹ oníyẹ̀fun tiwọn tí ó jọ ọ́, tí a mọ̀ sí ravioli. Ó wá pe guotie ní Peking Ravioli. Oúnjẹ náà kò yí padà; orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó yí. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ Ṣáínà ní agbègbè Boston ṣì ń lo orúkọ yìí, tí ó ṣọ̀wọ́n ní apá ibòmíràn ní Amẹ́ríkà.

Lára àwọn tí ó máa ń wá jẹun níbẹ̀ ni onímọ̀ ọrọ̀-ajé John Kenneth Galbraith, Henry Kissinger, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard kí ó tó di mínísítà, àti àwọn alásè tí ó lókìkí, James Beard àti Julia Child.

Ìkọ́ni àti ìwé oúnjẹ sísè

Láti ọdún 1960, Joyce Chen ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní oúnjẹ Ṣáínà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní Cambridge àti ní Boston. Àwọn tí ó fẹ́ wọ kíláàsì rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ń tò dúró de àyè.

Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni ìwé Joyce Chen Cook Book ti jáde ní ọdún 1962. Ó fẹ́ kí àwòrán aláwọ̀ mèremère wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò rí oúnjẹ kan rí kò lè mọ̀ bóyá èyí tí òun sè jọ ọ́. Àwọn akéde ìwé kò fẹ́ náwó sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ tẹ ìwé náà, ó sì ń gba owó àsansílẹ̀ ní ilé oúnjẹ rẹ̀; ó ju 6,000 ẹ̀dà lọ tí ó tà kí ìwé náà tó jáde. Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ J. B. Lippincott gbà á, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Dókítà Paul Dudley White, onímọ̀ nípa àìsàn ọkàn tí ó tọ́jú Ààrẹ Eisenhower, ni ó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀. Èyí bá èrò Joyce Chen mu, nítorí pé ó ka oúnjẹ sí ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣe ara ní àǹfààní. Kò sì fẹ́ àwọ̀ pupa tí àwọn ilé oúnjẹ kan fi ń kun ẹran.

Ètò Joyce Chen Cooks

Ní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WGBH ní Boston bẹ̀rẹ̀ sí í ya ètò Joyce Chen Cooks. Ruth Lockwood, tí ó ti bá Julia Child ṣiṣẹ́ lórí ètò The French Chef, ni ó darí rẹ̀. Inú ilé ìdáná kan náà tí wọ́n ti ń ya ètò Julia Child ni wọ́n ti ya á, wọ́n kàn tún un ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní ìlànà Ìlà-oòrùn Éṣíà ni. Apá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n yà. Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà. Ní àkókò yẹn, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí ọmọ Ṣáínà tí ó dá ní ètò tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Bí ohùn rẹ̀ ṣe fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Ó ń fi han àwọn òǹwòran bí a ṣe ń di ọ̀bẹ mú, bí a ṣe ń se ìrẹsì, àti bí a ṣe ń fi igi ìjẹun jẹun.

Agbada onídìí pẹlẹbẹ

Agbada ìdín tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní wok ní ìdí roboto bí ti agbada àbáláyé ilẹ̀ Yorùbá. Ààrò ilẹ̀ Ṣáínà ní ihò roboto lórí, agbada a sì jókòó sínú ihò náà, tí iná yóò sì máa là á yí ká. Sítóòfù àwọn ará Amẹ́ríkà rí pẹrẹsẹ ní tirẹ̀. Bí a bá gbé agbada onídìí roboto lé e, yóò máa mì, ibi kékeré kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò sì gbóná. Ẹran tí ó yẹ kí ó yíra kíákíá nínú iná gbígbóná yóò wá máa sun omi.

Joyce Chen ṣe agbada tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gòkè bí ti àtijọ́, ó sì fi ọwọ́ gígùn sí i. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé-àṣẹ pé òun ni ó ni àpẹẹrẹ náà. Ní ọdún 1971, ó dá ilé-iṣẹ́ tí ń ta ohun èlò ìdáná sílẹ̀. Irú agbada bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ní Amẹ́ríkà báyìí, láìjẹ́ pé ẹni tí ń lò ó mọ ibi tí ó ti wá.

Ìgbòòrò òwò náà

Ní ọdún 1967, ó ṣí ilé oúnjẹ kejì, Joyce Chen Small Eating Place, sí ojú ọ̀nà Massachusetts Avenue nítòsí MIT. Ilé kékeré ni, oúnjẹ oníyẹ̀fun àti ìpanu ni wọ́n sì ń tà níbẹ̀. Ní ọdún 1969, ó ṣí ẹ̀kẹta, tí ó tóbi gan-an, sí ojúlé 500 ní Memorial Drive, létí odò Charles. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní láti kúrò níbẹ̀, ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT ni ó sì wà ní ojúlé náà lónìí. Ní ọdún 1974, ó ṣí ilé oúnjẹ mìíràn sí òpópónà Rindge Avenue. Èyí ni ó pẹ́ jù. Ọdún 1998 ni wọ́n tó tì í.

Ìdílé

Òwò náà àti ìdílé náà kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ní ọdún 1966, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ìgbéyàwó òun àti Thomas Chen tú ká. Àwọn ọmọ dàgbà sínú iṣẹ́ náà. Helen di olùkọ́ àti òǹkọ̀wé lórí oúnjẹ Ṣáínà bí ìyá rẹ̀. Stephen darí ilé-iṣẹ́ tí ń ta èròjà oúnjẹ, èyí tí ó ń rọ ọbẹ̀ ìdín Ṣáínà sínú ìgò fún títà ní ọ̀rúndún ogún.

Ní ọdún 1972, Ààrẹ Richard Nixon ṣe àbẹ̀wò sí Beijing, ọ̀nà tí ó ti há láti ọdún 1949 sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní ọdún náà, Joyce Chen mú Helen àti Stephen, wọ́n sì padà sí Ṣáínà. Helen ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Stephen kò dé ibẹ̀ rí. Àwọn àwòrán tí wọ́n yà ní ìrìn-àjò náà ni wọ́n fi ṣe fíìmù Joyce Chen's China, èyí tí tẹlifíṣọ̀n PBS gbé sáfẹ́fẹ́ ní ọdún 1973. Ní àkókò tí ìròyìn tòótọ́ nípa ìgbé-ayé ní Ṣáínà ṣọ̀wọ́n, fíìmù náà fi han àwọn ará Amẹ́ríkà bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀.

Àìsàn àti ikú

Ní àwọn ọdún 1980, àìsàn ọpọlọ tí ń gba ìrántí lọ́wọ́ ènìyàn mú Joyce Chen. Ẹni tí ó kọ́ oúnjẹ sísè nípa wíwo ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn, tí ó sì fi orí ara rẹ̀ tọ́jú ẹ̀kọ́ náà la òkun kọjá, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Òwò náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kú ní 23 Oṣù Kẹjọ, ọdún 1994, ní ìlú Lexington ní Massachusetts, ní ẹni ọdún 76.

Ìrántí

Ní ọdún 1998, ọdún tí ilé oúnjẹ ìkẹyìn nínú àwọn tirẹ̀ kógbá sílé, àjọ James Beard Foundation fi orúkọ rẹ̀ kún àkójọ àwọn ẹni iyì wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, ìlú Cambridge ṣe àjọ̀dún oúnjẹ oníyẹ̀fun ní Central Square láti fi ṣe ìrántí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ àwòrán alásè márùn-ún sórí sítáǹbù: James Beard, Julia Child, Edna Lewis, Felipe Rojas-Lombardi àti Joyce Chen.

Nínú gbogbo ohun tí ó ṣe, ohun kan náà ni ó ń lépa. Nọ́ńbà nínú ìwé oúnjẹ, tábìlì gígùn, orúkọ Peking Ravioli, àwòrán aláwọ̀ inú ìwé àti agbada onídìí pẹlẹbẹ jẹ́ ọ̀nà láti mú oúnjẹ ilé rẹ̀ súnmọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, láìba adùn rẹ̀ jẹ́. Ilé oúnjẹ Joyce Chen kò sí mọ́ ní Cambridge, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àwọn ohun èlò ìdáná tí wọ́n ń tà ní ọjà.